Ìsọ̀ Púpurú Tó Wà Nínú Fóònù

Olùkọ́ àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Odigbo ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nílé ìwé, kí ẹ lè mọ iṣẹ́ tí ẹ máa mú. Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú pé èmi ló yẹ kó wá bá. Iṣẹ́ tí mo kọ́ látilẹ̀, ẹni tó ń ṣe é ní Ore báyìí kò pọ̀ mọ́. Èyí tí mo fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, ọmọ tí mo bí ló kọ́ mi, ọmọ náà kò sì sí mọ́. Ó ní kí n ṣáà kọ ọ́ bó ṣe rí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ìtàn tó máa pa á lẹ́rìn-ín nínú yín, kó yáa wá ìwé mìíràn ṣí. Ẹ̀rín wà níbẹ̀ o, àmọ́ kò pọ̀.

Àtíìsì ni mí. Lọ́dọ̀ tiwa, àtíìsì kì í ṣe ẹni tó ń yàwòrán fún olówó kọ́ sí pálọ̀. Àwa là ń kọ ọ̀rọ̀ sára ọkọ̀, sára pátákó ṣọ́ọ̀ṣì, sára ògiri ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti ti oníbúrẹ́dì. Bí ọkọ̀ bá ń lọ níwájú yín lójú títì márosẹ̀, tí ẹ rí i tí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé ayé ń lọ, ẹnì kan ló dúró nínú oòrùn tó fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ́. Nígbà kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi.

Bàbá mi, tó ń ṣe àgbẹ̀ kòkó ní Odigbo, ló fà mí lé Ọ̀gá Jeremáyà lọ́wọ́. Ọmọ Ìkálẹ̀ bíi tiwa ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ore ni wọ́n pàgọ́ sí, lábẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọkọ̀ gẹdú ti máa ń sinmi kí wọ́n tó forí lé ọ̀nà Èkó. Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn àti ohun tí bàbá mi san, kò wúlò fún yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni bí ọ̀gá yẹn ṣe le tó.

Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì láti fi kọ nǹkan kan, ó pẹ́ gidi. Sáńpépà ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, pé kí n máa fi ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ọkọ̀. Bí mo bá ha á tán, màá fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì gbogbo àwọn tó ṣáájú mi níbẹ̀. Ọwọ́ mi ń rùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi ní kí n má fi kan ìkòkò ọbẹ̀ òun. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀, inú yanrìn ni mo ti ń fi ìka kọ lẹ́tà. Ọ̀gá á wá wò ó, wọ́n á fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́. "Ọghọ́ rẹ ò tíì mọ̀nà," ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn, pé ọwọ́ mi ò tíì mọ ọ̀nà. Wọn kì í pariwo. Ká ní wọ́n ń pariwo ni, ì bá sàn fún mi.

Lẹ́tà gan-an kọ́ ni ìjà wọn. Àmì ni. Àwọn àtíìsì tó kù ní Ore nígbà yẹn, gbólóhùn lásán ni wọ́n ń kọ, kò sí àmì lókè, kò sí nísàlẹ̀. Ọ̀gá Jeremáyà ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò lámì, ìhòòhò ló wà. "Ṣé ùwọ a rán ọma rẹ jáde níhòòhò?" Wọ́n á tẹjú mọ́ ẹni tí wọ́n bá bi léèrè títí yóò fi lọ gbé ọ̀dà.

Ẹnì kan tó ṣáájú mi níbẹ̀ fojú di ọ̀rọ̀ yẹn. Onímọ́tò kan ní kó kọ ọ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì òun pé ọkọ̀ Olúwa rèé. Ó kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, ó kùn ún ní pupa, kò fi àmì kan ṣoṣo sí i. Ọkùnrin náà wa ọkọ̀ rẹ̀ dé Okitipupa kí àwọn ọlọ́jà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bó ṣe wù wọ́n. Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe kà á. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá láàárín yín mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ọ, kó bi ìyá rẹ̀ àgbà. Ó bínú padà wá bá wa. Ọ̀gá fi ọwọ́ ara wọn ha gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n tún un kọ lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò sì bá ọmọṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Gbogbo wa la ń fi àmì sí orúkọ ara wa nínú yanrìn lẹ́yìn ìyẹn.

Mo gba òmìnira, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi lódìkejì títì, mo jẹun níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo fẹ́ ìyàwó. Púpurú ló ń tà lọ́jà Ore, òun ló ṣì ń tà dòní. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí, púpurú ni ẹ̀gẹ́ tí a rẹ, tí a sì yan lórí iná kí á tó rò ó ní jíjẹ. Ẹni tó bá fẹ́ rí obìnrin tó mọ ọjà á ná, kó lọ bá ìyàwó mi. Yóò pe iye kan, yóò rẹ́rìn-ín, yóò béèrè ìyá rẹ, yóò búra pé òun ò jèrè nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí o fẹ́ rà, méjì lo máa gbé délé, inú rẹ á sì máa dùn bí ẹni pé ìwọ lo rẹ́ ẹ jẹ.

Nígbà tí a bí àkọ́bí wa, kòkó bàjẹ́ lọ́dún náà. Ìyá mi gbé ọmọ náà sẹ́sẹ̀, wọ́n ní kí a má dá kòkó lóhùn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọmọ́yájowó. Orúkọ náà pọ̀ nílẹ̀ wa. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin, pé ọmọ sàn ju owó lọ. Ọ̀nà méjì ló gbà dàgbà: láàárọ̀ ó wà lábẹ́ àtẹ ìyá rẹ̀, lọ́sàn-án ó wà lẹ́sẹ̀ mi nínú òórùn ọ̀dà. Lọ́dọ̀ mi ló ti gba lẹ́tà, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti gba ẹnu.

Ìgbà ò lọ bí òréré. Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé sórí fẹ́lẹ́sì, rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń nà sórí pátákó, dé Ore. Ohun tí mo fi odidi ọ̀sẹ̀ kọ, ẹ̀rọ yìí á pọ̀ ọ́ jáde kí oníbàárà tó jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán, àwòrán ojú rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fọ́n ká. Òmíràn ń gun ọ̀kadà, òmíràn gba oko lọ sí Araromi-Obu. Èmi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mò ń fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì tí kò dọ̀tí. Àánú ara mi ń ṣe mí, n kò purọ́.

Ọmọ́yájowó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà. Ó wá sílé fún ìsinmi, ó bá mi bẹ́ẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì mi láàárín agolo ọ̀dà.

"Bàbá, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tí mo tún ń ṣe ju ìjókòó lọ."

"Ẹ jókòó síbi tí ojú yín á ti rí i."

Ó fi nǹkan kékeré kan tó ń pè ní èkúté sí mi lọ́wọ́. Ìlà tí mo bá fi búrọ́ọ̀ṣì fà láìwolẹ̀, èkúté ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì bí ẹni ibà mú. Màá yàwòrán kan tán, inú mi á dùn sí i, ọmọ yìí á wò ó, á pa á rẹ́. "Ẹ tún un yà, sà." Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé Ọ̀gá Jeremáyà ti padà wá sáyé, síkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wọ̀ wá lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó yá, ó ra pẹ́ńsù tí à ń fi kọ̀wé sórí gíláàsì fún mi. Ìgbà tí pẹ́ńsù yẹn dé ni ọwọ́ mi tó tún mọ ọ̀nà. Àwòrán ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo fi ń jẹun lẹ́yìn ìyẹn, mi ò sì jáde kúrò ní Ore láti ṣe é.

Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an dé báyìí. Ọmọ́yájowó ti jáde nílé ẹ̀kọ́, òun àti ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ kàwé, Tósìn, jọ ń bá àwọn èèyàn kọ ètò sórí kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ kan ó ní òun fẹ́ ṣe géèmù tí àwọn ọmọdé á máa fi kọ́ nípa owó. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ owó. Ó ní ṣé èmi náà kì í rí Odigbo nígbà tí wọ́n bá ta kòkó tán ni. Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo ìlú á máa dún, alùpùpù tuntun, fóònù tuntun. Tó bá fi máa di ìgbà tí ilé ìwé á wọlé, bàbá ọmọ ti ń wá ẹni tó máa yá a lówó. Àwọn tó wá dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tiwọn tún le, ìṣákọ́lẹ̀ á ti gba ibẹ̀ lọ, ọmọ wọn ò tiẹ̀ ní rí àwọ̀ owó yẹn lójú.

"Kò sẹ́ni tó fi owó mọ̀ wọ́n, Bàbá," ó ní. "Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń pàdé ẹ̀."

Ó pe géèmù náà ní Kóló, bíi kóló tí a fi ń tọ́jú owó. Ọmọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀ tó ní kóló sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọn á rán an níṣẹ́, wọn á fún un ní nǹkan, yóò gba ọjà kọjá, yóò sì mọ èyí tó máa fi pamọ́, èyí tó máa rà àti èyí tó máa fún ẹlòmíràn. Ọmọ́yájowó àti Tósìn ń kọ ètò rẹ̀, èmi ń ya àwòrán. Mo ya ọ̀nà Odigbo sí Ore, mo ya kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní, mo ya ajá tó sùn lójú títì tí kò fẹ́ dìde fún ọkọ̀. Ó ní kí n ya ìsọ̀ kan, kí ó jẹ́ ti púpurú, kí ìyá òun jókòó síbẹ̀. Mo yà á. Ìyàwó mi wò ó títí, ó ní ọrùn òun ò gùn tó yẹn.

Lábẹ́ ìsọ̀ náà, ibi méjì ló wà tí ọmọdé lè fọwọ́ tẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ FI PAMỌ́. Èkejì jẹ́ NÁ, pé kó ná owó rẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ya lẹ́tà náà, mo fi àmì lé e lórí dáadáa. Mo ní inú Ọ̀gá Jeremáyà á dùn sí wa níbi tí wọ́n bá wà.

A gun ọ̀kadà gba ọ̀nà igbó lọ sí ilé ìwé kan ní Araromi-Obu, pé kí àwọn ọmọ ibẹ̀ tọ́ ọ wò. A pín fóònù fún wọn. Kò pẹ́ rárá, owó tán lọ́wọ́ gbogbo wọn pátá. Àwa ń wo ara wa. Ọmọbìnrin kan dìde, ọmọ àgbẹ̀ kan tó ti òkèèrè wá dáko níbẹ̀, ó na fóònù padà sí Ọmọ́yájowó.

"Àǹtí, obìnrin yìí ò dáa. Mo ń ná an, mo ń ná an, kò dá mi lóhùn. Ó kàn ń gba owó mi ni."

Ó gba ìgbà díẹ̀ kó tó yé wa. Ọmọ yìí kò ná owó, ọjà ló ń ná. Ó ń tẹ̀ ẹ́ kí iye tí obìnrin náà pè lè wálẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jà, àwọn tó kù náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmì wà níbi tó yẹ kó wà. Kò gbà wá. Nínú gbogbo ohun tí ọ̀gá kọ́ mi, wọn ò sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ lè wọṣọ tán kó tún jẹ́ ẹni méjì.

Ọmọ́yájowó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíláàsì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ta ló ń rajà láìná an, Bàbá? Kí ni mo rò?" Àmọ́ nígbà tí a ń bọ̀ wálé, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ọmọ yẹn ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, èèyàn náà ń wò ó. Mi ò fẹ́ kó ṣe ọmọ kankan bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ó tún ìsọ̀ yẹn ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Tósìn fi ń ráhùn. Ó lọ ń jókòó ti ìyá rẹ̀ lọ́jà, ó ń gbọ́ bó ṣe ń tà, tó bá délé á fi aṣọ bo orí nínú yàrá kí ariwo títì má bàa wọlé, á máa bá fóònù sọ̀rọ̀ ní Ìkálẹ̀ bí ẹni tó ń tajà, kó lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún onípúpurú inú géèmù. Láti pálọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ: "Háà, ùwọ fẹ́ gbé mi lọ́jà ni? Mú nǹkan lé e." Ìyá rẹ̀ á ní, "Ohùn mi lo jí gbé yẹn." Èmi á ní kí wọ́n dákẹ́, pé mo fẹ́ gbọ́ ìròyìn. Mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé tó bá parí, gbogbo wa á jọ jókòó tì í.

Ó lọ sí Àkúrẹ́ lọ gba fóònù tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn ilé ìwé kan. Ọkọ̀ tó gbé e padà ti ń wọ Ore nígbà tí bíréèkì ọkọ̀ gẹdú kan já.

Àwọn èèyàn wá láti oríta. Wọ́n pọ̀, Tósìn wà láàárín wọn. Ìyàwó mi ní kí wọ́n jókòó, kò sẹ́ni tó jókòó. Ó tún un sọ, wọ́n wolẹ̀. Nílẹ̀ wa, bí èèyàn bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò sì gba àga lọ́wọ́ rẹ, o ti mọ ohun tí wọ́n gbé wá. Mo mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Mo ṣì ń bi wọ́n pé ta ló ń ṣàìsàn.

A kì í jẹ́ kí òbí tẹ̀lé òkú ọmọ. Àbúrò mi àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló lọ. Wọ́n fi àwa méjì sínú ilé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ń kọrin kí á má bàa gbọ́ ìgbà tí wọ́n gbé e kọjá. Títí di òní, mi ò mọ ibi tí ọmọ mi wà. Mi ò sì gbọdọ̀ béèrè.

Àwọn tó wá kí wa sọ tiwọn. Ẹnì kan ní igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Mo ti gbé ní Ore látìgbà èwe mi, gbogbo igi tó tọ́ ni mo ti rí lórí ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ, ọ̀rọ̀ yẹn ò tù mí nínú rí. Ẹlòmíràn ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Mo ní kó máa lọ sílé rẹ̀. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló ń dà mí láàmú, òótọ́ ni, òun ló ń dà mí láàmú. Mi ò fọwọ́ kan pẹ́ńsù yẹn mọ́. Báyìí ni mo ṣe fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó fún mi ní aago tàbí àga.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Tósìn wá. Ó dọ̀bálẹ̀, kò tètè dìde. Ó ní ẹgbẹ́ kan tó ń ṣètò ohun èlò fún àwọn ilé ìwé ti rí Kóló, wọ́n fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ káàkiri ìpínlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Wọ́n ní kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa gbọ́ Ìkálẹ̀, wọ́n fẹ́ kí obìnrin kan tó ń ka ìròyìn fi Yorùbá àjùmọ̀lò tún ọ̀rọ̀ onípúpurú náà sọ.

"Bàbá, tí ẹ ò bá yọ̀ǹda, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Àmọ́ wọn ò ní gbà á bó ṣe wà."

Mo ní rárá kó tó parí ọ̀rọ̀. Kí ló kù fún mi nínú ọmọ yìí tí ilẹ̀ ò tíì gbà? Ohùn yẹn ni. Ṣé kí n wá fọwọ́ ara mi gbé e fún wọn kí wọ́n pa á rẹ́? Tósìn jẹ púpurú tí ìyàwó mi gbé fún un, ó lọ.

Ìyàwó mi kó àwo. Ó ní, "Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí, ohùn tí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn?"

Mo ní n kò tíì gbọ́ ọ.

"Èmi náà ò tíì lè gbọ́ ọ. Ẹ wá ń fi ohun tí àwa méjèèjì ò lè gbọ́ dí àwọn ọmọ lọ́nà."

Mo bínú sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó wà lọ́jà, mo gbé fóònù mi tí ọmọ náà ti fi géèmù sí, mo ṣí Kóló. Ọmọkùnrin inú rẹ̀ ń rìn bọ̀ lójú ọ̀nà tí mo yà, ó kọjá lára ajá, ó dé ìsọ̀. Mo tẹ NÁ. Ọmọ mi sì sọ̀rọ̀.

Mo gbé e sílẹ̀, mo sunkún, mo tún gbé e. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní ṣé kí òun wá jẹ gbèsè ni. Mo tẹ̀ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní báwo ni ìyá mi. Bí iye náà ṣe ń wálẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà mí, nítorí mo mọ bí ọjà ṣe máa ń parí. Yóò tà á fún mi, yóò sì yíjú sí ẹlòmíràn. Nígbà tó ku díẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo yí ọmọkùnrin náà padà kúrò ní ìsọ̀, mo fẹ́ pa fóònù.

"Bàbá mi! Padà ghá. Èló ùwọ fẹ́ san gan-an?"

Ẹ má bẹ̀rù, kò sí iwin nínú ìtàn mi. Ẹni tó bá ti lọ sọ́jà rí mọ̀ pé bí o bá kẹ́yìn sí ọlọ́jà, ó máa pè ọ́ padà. Bó bá sì jẹ́ ọmọkùnrin kékeré lo jẹ́, "bàbá mi" ni wọ́n fi ń pọ́n ọ, kó o lè yíjú. Ìyá rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ọmọdé tó bá fẹ́ kúrò láìrà ni Ọmọ́yájowó sọ ọ́ fún. Kì í ṣe èmi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo yí ọmọkùnrin náà padà, mo tún mú un kẹ́yìn, ó tún pè mí.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí Ọmọ́yájowó ń ṣe lábẹ́ aṣọ tó fi ń borí, tó fi pẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò fẹ́ kí ọmọ kankan sọ̀rọ̀ kó má rí ẹni dá a lóhùn. Bí èmi bá sì di ohùn yìí mú, àwọn ọmọ tó kù ò ní rí ẹni kankan. Mo pe Tósìn, mo ní kí wọ́n yí i padà. Ó ní, "Ṣé ó dá yín lójú, Bàbá?" Mo ní kò dá mi lójú, kí wọ́n yára kí n tó yíhùn padà.

Ó ti dé àwọn ilé ìwé báyìí. Wọ́n pe èmi àti ìyàwó mi sí ọ̀kan ní Odigbo kí á wá wò ó. Àwọn ọmọ ń ná ọjà, obìnrin inú rẹ̀ ń dá wọn lóhùn, ohùn rẹ̀ mọ́, ó ń pe ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é. Ìyàwó mi ní ó gbìyànjú. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ kan, mo mú ọmọkùnrin inú rẹ̀ kẹ́yìn sí ìsọ̀. Ó ń lọ. Mo dúró. Kò sẹ́ni tó pè é.

Mo bi Tósìn léèrè. Ó lọ wò ó, ó padà wá, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìpè yẹn kò sí lára ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó fún obìnrin náà, torí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé Ọmọ́yájowó fi í síbẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi kún un. Wọ́n ní iṣẹ́ ti parí. Fóònù mi nìkan ló kù níbi tí ó wà. Lójoojúmọ́ ni fóònù náà ń bẹ̀ mí pé kí n gba Kóló tuntun, lójoojúmọ́ ni mò ń kọ̀ fún un.

Olùkọ́ àgbà fẹ́ kí n sọ fún yín bóyá iṣẹ́ yìí dára. Ó dára. Àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ á máa kú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ máa sin wọ́n, ẹ máa mú tuntun. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín mọ ọ̀nà, kí ẹ sì fi àmì sí ọ̀rọ̀ yín. Ohun tó kù tó lè ṣẹlẹ̀ sí yín lẹ́nu iṣẹ́, mi ò ní ọgbọ́n rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ yín sin yín.

Nírọ̀lẹ́, bí ìyàwó mi bá ti ọjà dé, a máa ń jókòó síwájú ilé. Lákọ̀ọ́kọ́, tí mo bá ṣí fóònù, á dìde wọlé. Ní báyìí ó máa ń jókòó. Màá dé ìsọ̀, màá ná púpurú dáadáa. Mi ò rà á rí. Tó bá ti ku díẹ̀ kó tà á fún mi, màá kẹ́yìn, màá máa lọ, á sì pè mí.

"Bàbá mi! Padà ghá."

Mo máa ń dáhùn pé mò ń bọ̀. Ìyàwó mi ní kí n yé sọ bẹ́ẹ̀, pé a kì í dá òkú lóhùn tó bá pe èèyàn. Mo ní kì í ṣe òkú ló pè mí, ọlọ́jà ni.